Orin Tó Dá Dúró Láàárín

Elétí-Ajá la máa ń pe àbúrò mi obìnrin nílé, torí kò sí ìró tó kéré jù fún un láti gbọ́. Iṣẹ́ tó padà ń ṣe náà nìyẹn: ó ń kó ohùn sínú géèmù adẹ́rùbani orí kọ̀ǹpútà. Mo bi í léèrè títí, báwo ni géèmù tí kò sí ìjà, tí kò sí òkú tó ń rìn, ṣe lè dẹ́rù ba àgbàlagbà. Ẹ̀rín ló máa ń fi mí rín.

Géèmù tóun fúnra ẹ̀ kọ́kọ́ ṣe, ilé kan lásán ni, lọ́sàn-án gangan. Ìwọ ni ọmọ tó wà ní yàrá. Ìyá rẹ wà ní yàrá kejì, ó ń ránṣọ, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ibiṣẹ́ wọn yọ ṣùtì sí i. Ó ní òun máa dán an wò lọ́jọ́ Jímọ̀. Tí àyà òun ò bá já, òun á gbé e fún ẹlòmíì, kó fi ìbọn àti iwin sí i. Jíjẹ mímu ò wu àbúrò mi mọ́.

Ló bá wá sílé, ó gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì màmá wa. Télọ̀ ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń rán ni wọ́n ń kọrin. Tí wọ́n bá ti há píìnì sẹ́nu, orin á dákẹ́ lójijì. Ní kékeré, a mọ̀ pé píìnì ni, síbẹ̀ a máa ń sáré jáde wá wò wọ́n.

"Kí lẹ ń wò lójú mi?" Màmá wa á sọ ọ́ láì lanu, torí píìnì.

Bí àbúrò mi ṣe gba orin náà sílẹ̀ tán, mo ní, "Ṣé èyí lo fẹ́ fi dẹ́rù ba ọ̀gá rẹ? Ìwọ yìí fẹ́ fi ẹ̀rín pa mí."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo tẹ̀ lé e lọ, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Ọ̀gá fi íápíìsì sétí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó yá, àbúrò mi sọ sí mi létí pé orin ti dá dúró láàárín. Ọ̀gá dúró dè é kó tún bẹ̀rẹ̀. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá kejì nínú géèmù náà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò lè tẹ bọ́tìnì tó máa ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ fún mi níbọn."

Àbúrò mi ní, "Ọ̀gá, ta lẹ fẹ́ yìnbọn lù?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Èèyàn lè sá fún òkú tó ń rìn. Ẹni tó o fẹ́ràn tó wá dákẹ́, ẹsẹ̀ ara rẹ lo máa fi lọ wò ó.

Ọ̀gá yọ íápíìsì. Ó juwọ́ sí àbúrò mi pé kó fi géèmù náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ó mú fóònù rẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

"Màámi, ṣé dáadáa lẹ wà? Rárá, kò sí nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀ lọ."