Ẹyẹ Tó Ń Bá Bàbá Mi Jẹun

Láti ẹnu géètì ilé bàbá mi ní Morogbo lo ti máa gbọ́ òórùn ẹ̀pà yíyan. Òórùn náà ti wọ kọ́tìnì àti tìmùtìmù, débi pé tí mo bá délé ara mi, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ lára aṣọ mi. Ẹ̀pà yẹn ló kó mi sí wàhálà, nítorí bàbá mi kì í dá a jẹ. Ẹyẹ kan ń bá wọn jẹ ẹ́.

Kokatíẹ̀lì ni wọ́n ń pe irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Ìbátan odídẹrẹ́ ni, àmọ́ kò tóbi tó o. Ara rẹ̀ rí bí eérú, orí rẹ̀ bí ìyeyè tó pọ́n, ìyẹ́ gígùn kan sì nàró sí àtàrí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rà á wá láti òdì kejì Sẹ̀mẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá wa kú, kí ilé má baà dákẹ́ jù. Bàbá, tí wọ́n ti ṣe ajẹ́ńtì ní bọ́dà, tí wọ́n ń bá oníṣòwò gba ẹrù lọ́wọ́ aṣọ́bodè títí wọ́n fi darúgbó, sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn aṣọ́bodè yẹn. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé bí ẹyẹ yẹn ò bá tíì súfèé láàárọ̀, bàbá ò ní jáde ní yàrá.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni wá sanra jù, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀rá ti ń bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ẹ̀pà mọ́, kò sí oníyọ̀, kò sí olóròóró. Jéró àti ọkà bàbà díẹ̀, tẹ̀tẹ̀, kárọ́ọ̀tì, àgbàdo sísè. Ti píà tiẹ̀ tún yàtọ̀: májèlé ni fún irú ẹyẹ yìí, kó má ṣe fẹnu kàn án. "Tí ẹ bá ń bá a lọ báyìí," ó ní, "ẹ máa pàdánù ẹ̀." Mo ro ilé yẹn láìsí ìsúfèé, mo bá yà sọ́jà lọ ra jéró.

Ojú mi rí nǹkan. Láàárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá kọ́kọ́ yà sílé bàbá, màá rẹ́ tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́, màá ha kárọ́ọ̀tì, màá gbé e sínú àgò. Ọ̀gbẹ́ni á fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, á fẹnu gbé e, á jù ú sílẹ̀, ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán o. Bàbá á jókòó ti àgò pẹ̀lú búrẹ́dì oníbọ́tà, wọ́n á já a sí méjì.

"Bàbá, dókítà ní kó má jẹ ẹ́."

"Ṣé kí n máa jẹun kó máa wò mí lẹ́nu ni? Kò sí irú ìyẹn nílé tèmi."

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá bá ọ nídìí oúnjẹ, o gbọ́dọ̀ fi lọ̀ ọ́, ì báà ṣe àwọn tó wá já iná. Àmọ́ ta ló ní ẹyẹ wà níbẹ̀? Mo bẹ̀, mo jà, mo kó ẹ̀pà pamọ́. Wọ́n lọ ra òmíràn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bàbá yìí kan náà sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti pẹ́ tí dókítà wọn ti ní kí wọ́n dín iyọ̀ àti òróró kù, tí àwa ọmọ ń bẹ̀ wọ́n. Bí a bá ṣe gbé ẹ̀fọ́ bíbọ̀ lọ náà ló ṣe máa padà sí kíṣìnì.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo ti ẹ̀yìnkùlé tí mo ti ń fọṣọ wọlé. Bàbá ti la píà, wọ́n ti bu díẹ̀ sí ṣíbí, ọwọ́ wọn ti dé ẹnu àgò. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbá ṣíbí yẹn dànù. Bàbá tó bí mi ni mo gbá lọ́wọ́ o. "Bàbá, ikú lẹ fẹ́ fún un jẹ yẹn."

Wọn ò bínú. Wọ́n wo píà tó fọ́nká nílẹ̀, wọ́n wo Ọ̀gbẹ́ni tó ti na ọrùn.

"Kí ló wá lè jẹ?"

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn.

"Ó dáa. Ohun tó bá lè jẹ ni kí o máa gbé fún èmi náà."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Lọ́sàn-án, mo gbé àgbàdo sísè àti tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ tí kò níyọ̀ wá, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì. Bàbá ní Bísímílàì, wọ́n ju kárọ́ọ̀tì kan sẹ́nu, wọ́n fajú ro bí ẹni tó jẹ ewúro, wọ́n sì na òmíràn sí ẹyẹ. Ẹyẹ tó ti ń da kárọ́ọ̀tì mi nù láti ọjọ́ yìí gbà á lọ́wọ́ wọn, ó jẹ ẹ́. Inú bí mi débi pé mo padà sí kíṣìnì.

Ara Ọ̀gbẹ́ni yá, ẹ̀jẹ̀ bàbá náà sì wálẹ̀. Mo dúpẹ́, àmọ́ ó dùn mí gan-an. Ohun tí àwa ọmọ fi ẹkún bẹ̀bẹ̀ fún tí wọn ò ṣe, wọ́n ṣe é nítorí ẹyẹ. Mo gbé e mì, mo gbé e mì, títí mo fi bi wọ́n léèrè ìdí ẹ̀ níjọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán wá.

Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀yin máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ ó sì lọ. Òun kì í lọ."

Mo lọ bu tèmi náà láìníyọ̀, mo fa àga, mo bá wọn jókòó. Kò dùn lẹ́nu rárá. Àtìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá ń ráhùn sí mi létí pé àgbàlagbà ilé òun ò gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu, mo máa ń bi í pé ta ló ń bá a jẹun.