Àwọn Máṣíìnì Abẹ́ Dongoyáró

Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kàdúná, a kì í jókòó rò ó pé ọ̀dọ̀ ta la ó ti ra máṣíìnì. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni. Kì í ṣe bàbá tó bí mi o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Makera, ó ń ta alùpùpù níwájú, ó sì ń tún un ṣe lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ni bàbá tèmi ti ra èyí tó fi ń gbé mi lọ sílé ìwé. Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé àti bírò kiri láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, tí ẹsẹ̀ mi kò gbé e mọ́, ọwọ́ rẹ̀ náà ni mo ti ra tèmi. Èyí tí mo kọ́kọ́ nawọ́ sí, ó kọ̀ láti tà á fún mi. Ó ní dídán lásán ló ń dán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán. N kò tíì rí ọlọ́jà mìíràn tó ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́ lójú oníbàárà bẹ́ẹ̀.

Títà rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Sàfíìsì, ìyẹn àtúnṣe, ni wàhálà. Bàbá ní àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti jẹ́ máṣíìnì ọmọ ìlú, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ mọ́ ọn. Ọlá ló fi ń bù fún wa.

Lọ́jọ́ kan mo gba máṣíìnì lọ́wọ́ rẹ̀, n kò tíì rìn jìnnà tí ọ́ìlì fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò sí ṣòkòtò mi. Nọ́ọ̀tì tó fi dé ojú ihò ọ́ìlì ti wọ́. Mo mú un mọ́ra. Ìgbà tó tún tún un ṣe, mo tẹ bíréèkì nítòsí Kakuri, bíréèkì kò mú. Wáyà rẹ̀ ń mì dirodiro, kò rántí láti fi í kọ́. Díẹ̀ ló kù kí n wọ abẹ́ tírélà. Nígbà tí mo rí i pé mo ṣì wà láàyè, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sì bú u gidi, èmi nìkan. Mo ní, "Baba yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fojú kàn án, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Máṣíìnì ń ṣe dáadáa."

Bí mo ṣe bọ́ sí Kinkinau nìyẹn. Mẹkáníìkì Haúsá kan wà níbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó tó dá máṣíìnì rẹ padà, á kọ́kọ́ gùn ún yí àdúgbò po, á tẹ bíréèkì lójú rẹ, á sì kó gbogbo páàtì tó yọ sínú ọ̀rá, á gbé e lé ọ lọ́wọ́. "Ka gani da idonka," lá máa wí, pé kí o fi ojú ara rẹ rí i. Ó tún máa ń lẹ sítíkà pupa kan mọ́ táǹkì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lẹ tèmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó lẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ti balẹ̀ lórí títì. Ibi ìpàdé nìkan ni kò ti balẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la máa ń ṣèpàdé nínú àgbàlá ẹnì kan ní Narayi, Bàbá a sì máa jókòó sẹ́nu géètì, kò sí ọ̀nà tí o lè gbà tí kò ní kí ọ. Mo wá ń gbé máṣíìnì sábẹ́ dongoyáró kan ní òpin àdúgbò, màá wá fẹsẹ̀ wọ́ ẹrẹ̀ dé ibẹ̀.

"Máṣíìnì ńkọ́?"

"Ó wà nílé, sà."

"Gbé e wá, kí n bá ọ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀."

"Màá gbé e wá, sà." Irọ́ funfun báláú.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún, gẹ́rígẹ́rí kan nínú ẹgbẹ́, ọmọ wa tí wọ́n bí sílẹ̀ Haúsá, tí bíréèkì tiẹ̀ náà ń kọ ọ́ lóminú. Mo ní kó má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí. Lọ́jọ́ Àìkú kan mo dé abẹ́ dongoyáró, n kò ráyè. Máṣíìnì ti kúnbẹ̀, sítíkà pupa lára gbogbo wọn, gẹ́rígẹ́rí sì ń fi ewé bo tiẹ̀.

Mo ní, "Haba! Kí lo sọ fún wọn?"

"Wallahi, ẹnì kan péré ni mo sọ fún."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wa. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá kọjá. Kò sí ẹyọ oníbàárà kan lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń fi àkísà nu máṣíìnì tuntun kan tí kò dọ̀tí. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn korò lẹ́nu mi. N kò dúró kí i, ńṣe ni mo tún fún máṣíìnì níná.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, òjò ṣú. A parí, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Bàbá wo sánmà, ó ní, "Ẹ lọ gbé àwọn nǹkan yín lábẹ́ igi, kí òjò má pa wọ́n."

Gbogbo wa ń wolẹ̀. Ojú tì mí débi pé ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Bàbá bá yíjú sí mi. "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, wá gbé mi délé."

Ó di èjìká mi mú títí a fi dé Makera. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ táǹkì lọ títí ó fi kan sítíkà, ó wá gbé ojú sún mọ́ ọn gan-an. "Ti Kinkinau nìyí, àbí? Mo mọ̀ ọ́n. Ká ní o bi mí ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá fà ọ́ lé e lọ́wọ́."

"Ẹ má bínú, sà."

"N kò bínú. Ojú mi ló ń ṣú. Mo kàn ń rò pé mo ṣì ń ṣe é re, torí gbogbo yín ń sọ fún mi pé ó dáa." Ó yíjú sí mi. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi ti fẹ́ ṣe ọ́ léṣe rí?"

Mo rántí tírélà. Mo wo ojú rẹ̀, mo rántí bàbá mi.

Mo ní, "Rárá o, sà. Kinkinau kàn sún mọ́ ibi tí mo ń ná ni."

Ó mí kanlẹ̀. "A dúpẹ́. Mo ti ń rò ó pé kí n fi sípánà sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì mo tún gba ibẹ̀ kọjá. Máṣíìnì kan wà lórí búlọ́ọ̀kù níwájú ṣọ́ọ̀bù, Bàbá tẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tí wáyà bíréèkì wà. Títí di òní, n kò mọ ẹni tó ni ín.