Ọ̀gá Tí Kì Í Pa Iná

Ọ̀gá wa kò fẹ́ gbọ́ "pa" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àgbà ìjọ ni, ọmọ Ayépé, kò sì sí ọjọ́ tí kì í rán wa létí pé ẹyin lohùn. Ní ilé iṣẹ́ kékeré tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú èsì ìdánwò fún àwọn ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìparí àwọn ọdún 1980, a kì í pa iná, a kì í pa fáànù, a kì í pa jẹnẹrétọ̀. A máa ń "fi wọ́n sùn" ni. Ẹni tí ebi bá ń pa, kó wá bó ṣe máa sọ ọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí.

Èmi ni mo máa ń ṣí dátábéèsì láàárọ̀, èmi náà ni mo máa ń tì í nírọ̀lẹ́. Inú rẹ̀ ni orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ wà. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń gba àyè kan nínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà, tí gbogbo àwa tí à ń wá èsì jọ ń lò, bí àwo ńlá tí àwọn ọmọ ilé jọ ń jẹun nínú rẹ̀. Tí a bá tì í bó ṣe yẹ, á jẹ́ kí oníkálùkù jẹun tán, á fọ àwo, á gbé e padà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi tipátipá pa á, àwo á wà nílẹ̀ láìfọ̀. Tí ẹ bá tún fẹ́ ṣí i, á rí àwo yẹn, á ní ẹnì kan ṣì ń jẹun níbẹ̀, kò sì ní jókòó.

Lọ́jọ́ Jímọ́ kan, mo gba àyè lọ sílé lọ́sàn-án. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ti dátábéèsì, ó sì gba ìsìnkú àna rẹ̀ lọ ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin. Nígbà tó di Mọ́ńdè, dátábéèsì kọ̀, kò ṣí. Ó ní ẹlòmíì ti ń lò ó.

Ìyá kan láti Ìjagun ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí n tó dé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa parí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹni tí kò mú èsì lọ́wọ́ wọlé. Ọmọ náà ti wà lẹ́nu géètì níbẹ̀, ó ń retí ìyá rẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe ti dátábéèsì lọ́jọ́ Jímọ́?"

"Mo fi sùn."

"Ṣé ó sùn wọ́ọ́rọ́wọ́, sà?"

"Mo ní mo fi sùn. Lọ wá ibòmíì wò."

Mo gbà á gbọ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́ọ́rọ́wọ́ ló sùn lóòótọ́, a jẹ́ pé ẹnì kan ṣì ń lò ó níbì kan, èèyàn kì í sì í gbé àwo kúrò níwájú ẹni tó ń jẹun. Máàkì àwọn ọmọ lè bàjẹ́. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíì wò. Mo yẹ wáyà wò, mo yẹ dísìkì wò, mo lọ sídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ pe àwọn tó ta ẹ̀rọ náà fún wa ní Èkó, tẹlifóònù ò dún. Oòrùn ti kàn wá lórí nígbà tí ìyá yẹn dìde wá bá mi.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé ara ẹ̀rọ yín ò yá ni?"

Mo padà lọ bá ọ̀gá, mo sì rú òfin. "Sà, ṣé ó sùn ni, àbí ẹ pa á?"

Gbogbo ẹni tó ń tẹ nǹkan yíjú sí mi. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ó ní kí n dúró, ẹnì kan ò tíì kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn àna mi sì ti wà nínú mọ́tò. Mo bá fi sùn kíákíá."

Nínú ọ́fíìsì tí a kì í ti í pa nǹkan kan, irọ́ nìkan la rí pa.

Mo ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo àyè àjọlò tó wà nílẹ̀ fún mi wò. Àwo tí ọ̀gá fi sílẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, orúkọ dátábéèsì wà lára rẹ̀, kò sí ẹnì kan tó dì í mú. Mo kó o kúrò, dátábéèsì sì ṣí. Iṣẹ́ náà kò gba ju ìgbà tí èèyàn fi ń bu omi mu lọ, a sì ti fi odindi àárọ̀ ṣòfò sí i. Tìbínú-tìbínú ni mo fi tẹ èsì ọmọ náà jáde fún ìyá rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì sáré wá takisí.

Nírọ̀lẹ́, ó padà wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Àwọn ilé ìwé nọ́ọ̀sì ti parí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kí ìyá náà tó dé géètì. Kò wá jà. Ó kàn fẹ́ kí a bá òun sọ fún wọn pé ẹ̀bi kì í ṣe ti ọmọ òun.

"Ẹ fara balẹ̀, ìyá," ni ọ̀gá wí. "Ẹ̀rọ ló sùn lọ. Kó tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Àsìkò Ọlọ́run ló dára jù."

"Kò sùn, mà," mo ní. "Ọ̀gá ló pa á."

Ọ̀gá ta ìka yí orí ká, ó ní ọ̀rọ̀ burúkú ti ẹnu mi jáde. Ọmọ tí ọdún kan ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ dúró níwájú rẹ̀, kò sì ta ìka fún ìyẹn.