Bàbá Tí Ó Ń Tẹ Sáfà Wa Pa

Mo ti sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yẹn kì í dùn létí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí ìkànnì wa kú, tí a jí i, tí ó sì tún kú kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo fóònù tó wà nínú ọ́fíìsì wa ní Ladi-Lak, ní Bàrígà, ló ń dún pọ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ẹni tó pe é fẹ́ kí wa.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe kò ṣòro ṣàlàyé. Ṣómólú ni ibùdó àwọn atẹ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà, káàdì ìgbéyàwó tàbí ìwé ètò ìsìnkú, ibẹ̀ ló ń lọ. Ọ̀gá wa, Alhaji Múyìídíìnì, ti tẹ̀wé níbẹ̀ títí orí rẹ̀ fi funfun, kí ó tó wá dá ìkànnì kan sílẹ̀ tí oníbàárà lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti ilé, tí òun àti àwọn atẹ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa gbà á ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Sáfà ni ẹ̀rọ tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ìkànnì náà: òun ló ń gba ohun tí oníbàárà bá mú wá, òun náà ló ń fún un lésì. Èmi àti Dọ̀tun là ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni Dọ̀tun, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ọwọ́ rẹ̀ yá bí iná, orí rẹ̀ sì le bí òkúta.

Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Alhaji ní kí a máa yẹ fọ́tò wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Àwọn oníbàárà ń fi fọ́tò tó ṣókùnkùn ránṣẹ́, tí ó bá wá jáde lórí ìwé bí òjìji, atẹ̀wé ni wọ́n ń bú. Sáfà kò mọ fọ́tò dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa. Àwa ni a máa kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, tí yóò kọ́ ọ. Ibo ni kí kóòdù náà wá wà? A lè rán an mọ́ sáfà, kí ó di ara kan náà pẹ̀lú rẹ̀. A sì lè fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́tọ̀, kí sáfà máa gbé fọ́tò fún un, kí ó máa dúró de èsì.

Dọ̀tun fẹ́ rán an mọ́ ọn. "Tó bá wà nínú, kò sí pé à ń rìn lọ rìn bọ̀. Á yá."

"Tó bá kú ńkọ́?"

"Kí ló fẹ́ pa á?"

"Oníbàárà."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá kọjú sí Alhaji, mo sì rò pé mo ti mú ọ̀rọ̀ tí yóò yé e wá. Ní Ṣómólú, kò wọ́pọ̀ kí ṣọ́ọ̀bù kan dá iṣẹ́ ṣe látòkèdélẹ̀. Ẹnì kan ń ṣe púléètì tí a fi ń tẹ̀wé, ẹlòmíràn ń tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ń fi ọ̀rá bo èèpo ìwé, òmíràn ń gé e. Mo ní, "Alhaji, tí ẹ̀rọ agéwèé bá bàjẹ́, ṣé atẹ̀wé máa ń tilẹ̀kùn ni?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣadé, ìyẹn gan-an ló fi ayé sú mi. Iṣẹ́ tó bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹlòmíì ló ń sọ ọjọ́ tó máa padà. Irọ́ tí àwọn agéwèé mú mi pa fún oníbàárà, Ọlọ́run nìkan ló lè dárí ẹ̀ jì mí. Ẹ fi sínú."

Mo ti gbàgbé pé òun ló kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ agéwèé tirẹ̀ ní àdúgbò wọn, tí ó gbé e sí àárín yàrá tí ẹnikẹ́ni kò lè kọjá mọ́. Bí wọ́n ṣe rán kóòdù mọ́ sáfà nìyẹn. N kò ní purọ́, ó yá. Dọ̀tun á tẹ̀ ẹ́, èsì á jáde kí n tó ṣẹ́jú, á wá yí ojú sí mi. Èmi á dìde lọ ra àkàrà.

Ọjọ́bọ̀ yẹn ló wá dé. Bàbá kan tí à ń pè ní Bàbá Adéwálé, ará Obanikoro, fẹ́ sin ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kejì. Ó ti gbé fọ́tò ìyá náà lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Akoka kí ó bá a yà á sínú kọ̀ǹpútà, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì yà á ní títóbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè yà á dé. Fáìlì ọ̀hún tóbi bí ilé. Bí ó bá ti dé, kóòdù wa á ki gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mẹ́mórì, àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, á kún, á kú. Nítorí pé ara kan náà ni wọ́n, á gbé sáfà dání lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń retí iṣẹ́ ní Ṣómólú á dúró gbin. A jí i. Bàbá rí i pé ìkànnì ti padà, ó tún tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń fi fọ́tò ránṣẹ́.

Mo pè é. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́."

"Kò lọ ni."

"Mo mọ̀ sà. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń kú."

"Ọ̀la la fẹ́ sin ìyá mi. Ṣé kí n wá káwọ́ gbera ni?"

"Ẹ fún wa láyè díẹ̀ sà."

"Ó dáa."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Sáfà kú.

Mo tún pè é. Ó ní, "Mo ní kí n kàn wò ó bóyá ẹ ti ṣe é ni."

Ó ti wà ní Abẹ́òkúta, kò lè gbé e wá fún wa. Ímeèlì kò gbà á. Alhaji sì ti sọ ọ́ pé tí fọ́tò kò bá dé kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí, òun á tẹ ìwé ètò ìsìnkú náà láìsí àwòrán ìyá lójú ewé, torí ìwé gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́nà nírọ̀lẹ́. Mo ní kí Dọ̀tun yọ kóòdù kúrò ná. Ó ti rán an mọ́ sáfà débi pé kò ṣe é tú, àfi kí a tún sáfà fúnra rẹ̀ kọ́. Inú bí mi débi pé mo rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Tí a bá ti máa tú u, kò ní padà síbẹ̀."

Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Dọ̀tun ń tú u, èmi ń kọ ọ̀nà tí sáfà yóò máa gbà gbé iṣẹ́ fún un. A fún kóòdù náà ní àyè tirẹ̀ àti mẹ́mórì tí kò lè kọjá. Ohun kan ṣoṣo tí a fi sílẹ̀ nínú sáfà ni ìlà díẹ̀ tó ń wo ọ̀rọ̀ ìwọlé àwọn atẹ̀wé, nítorí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni.

Kí n tó gbé fóònù láti pe Bàbá, ó ti tẹ̀ ẹ́. Kóòdù ṣubú. Sáfà dúró. Àwọn Ṣómólú ń gba iṣẹ́ wọn lọ. Kóòdù dìde, Bàbá tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ṣubú. Sáfà ṣì dúró. Dọ̀tun wò mí, ó sì yí kóòdù náà padà kí ó máa ka fọ́tò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Bàbá tún tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Nínú fọ́tò náà, obìnrin kan dúró níwájú ilé alámọ̀, ó fi ọwọ́ kan lé ìbàdí, ó ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò bíi pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìwé dé Abẹ́òkúta kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá Adéwálé wá sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ta lẹni tó ní kí n má tẹ̀ ẹ́ mọ́?"

"Èmi ni sà." Mo ti to àlàyé mi sẹ́nu.

"Fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá mi yà láyé ẹ̀ nìyẹn," ni ó wí. "Mo bá fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ yín ní òun ò rí nǹkan kan. Mo tún fi ránṣẹ́, ó tún ní òun ò rí nǹkan kan. Ọmọ mi, ṣe ló dà bíi pé ẹ ń sọ fún mi pé kò sírú ẹni bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí ó lọ tán, mo ṣí ibi tí èsì yẹn wà nínú sáfà. Àwa la kọ ọ́: "Fáìlì yìí kò sí." Mo pa á rẹ́. Mo ní kí kóòdù máa fi fọ́tò náà han ẹni tó fi í ránṣẹ́ ní kékeré, kí ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "A ti rí i. À ń ṣe é lọ́wọ́."

Dọ̀tun wò ó, ó ní èyí á mú kí ó falẹ̀ díẹ̀. Mo ní kí ó falẹ̀.