Ọmọ Tí Kò Fẹ́ Ìràwọ̀

Mà Ṣọ́ọ̀kì ni àwọn ọmọ ń pè é, nítorí eruku ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n ní èjìká rẹ̀. Kò bínú sí i. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò níwájú pátákó kan náà. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ojú ló fi ń báni wí. Nígbà tí wọ́n kó tábúlẹ́ẹ̀tì wọ kíláàsì kẹta tó ń kọ́, ó ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, òun á máa wò ó.

Kò lè purọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ìbéèrè á yọ, wọ́n á fi ìka tẹ ìdáhùn. Bí wọ́n bá gbà á, ìràwọ̀ á fò jáde, á ró gooro. Àwọn tí ìṣirò máa ń gbé oorun bá tẹ́lẹ̀ wá ń du ìjókòó iwájú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ìràwọ̀ kì í sábà fò fún. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí ìrìn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ojú ọ̀run tiẹ̀ ti ṣú. Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé-ìwé wo máàkì tí ẹ̀rọ kó jọ, ó ní bó bá fi di ọjọ́ Ẹtì tí nǹkan ò yí padà, kí Jẹ́jẹ́ máa lọ bá kíláàsì kejì kọ́ ìṣirò. Mà Ṣọ́ọ̀kì ní ọmọ náà kì í ṣe olódo. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, Mà Ṣọ́ọ̀kì fa àga kékeré, ó jókòó ti ọmọ náà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìbéèrè yọ: ìdá méjì nínú mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, èwo ló pọ̀ jù? Ìka Jẹ́jẹ́ lọ tààrà sórí ìdáhùn tó tọ́. Ó dúró díẹ̀. Ó ṣí kúrò níbẹ̀, ó tẹ èkejì.

Kò sí ìràwọ̀. Búrẹ́dì méjì ló yọ, ọ̀bẹ ń gé wọn, ègé ń tò ti ègé, títí ojú fi rí ibi tí ọ̀kan ti ju ìkejì lọ. Jẹ́jẹ́ tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo òjò lójú fèrèsé.

“Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tó o ṣì í?”

Ọmọ náà wolẹ̀. “Ẹ má bínú, Mà. Tí mo bá gbà á, ìràwọ̀ lásán ni. Tí mo bá ṣì í ló máa ń fi ìdí ẹ̀ hàn mí.”

Gbogbo “o káre” tí Mà Ṣọ́ọ̀kì ti sọ rí, tó sì kọjá sọ́dọ̀ ọmọ tó kàn, ló ń bọ̀ wá sí i létí.

Ó mú Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, ó gbé ẹ̀rọ náà, ó di yàrá ọ̀gá. Ó rò ó fún un. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní àwáwí ọmọ ìsinsìnyí ti ju ti àgbà lọ. Mà Ṣọ́ọ̀kì kò jiyàn, ó kàn gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀.

“Ẹ bá wa dáhùn ọ̀kan, Mà,” ló wí fún ọ̀gá.

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́, ó gbà á. Ìràwọ̀ fò, ó ró gooro. Ó ṣì ń wò ó.

“Ó tán?” ni ọ̀gá béèrè.

“Ó tán, Mà.”

Ìbéèrè mìíràn yọ. Ìka ọ̀gá rìn dé orí ìdáhùn tó tọ́, ó dúró, ó ṣí kúrò. Búrẹ́dì yọ. Jẹ́jẹ́ sún mọ́ tábìlì, ó ń rọra sọ ibi tí ọ̀bẹ máa gbà kí ọ̀bẹ tó gbà á. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

“Tíṣà, ẹ máa mú un padà sí kíláàsì yín,” ni ọ̀gá wí. Kò gbójú sókè. Ó ti tún ń tẹ òmíràn.