Ọdún tí Maren Brekke Kọ́ Eré Ṣíṣe

Tí o bá sọ fún Maren Brekke pé òjò máa rọ̀, yóò bi ọ́ pé báwo lo ṣe mọ̀. Tí o bá ní ọmọkùnrin kan ń wò ó ní ilé oúnjẹ, báwo lo ṣe mọ̀ náà ni. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Èmi àti ẹ̀ la jọ gbé yàrá kan náà ní gbogbo ìgbà tí a fi wà ní yunifásítì, lápá òkè Wisconsin níbi tí yìnyín ti máa ń pẹ́ nílẹ̀, n kò sì tíì rí ẹni tó mú òótọ́ ní dandan bíi tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ló ń kọ́, pàápàá àwọn tó ń ba wàrà jẹ́, torí inú iṣẹ́ wàrà ni wọ́n bí i sí. Màlúù ni Orrin, bàbá rẹ̀, ń sìn tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú látìgbà tó wà ní kékeré, àwọn méjèèjì ló kù nínú oko yẹn.

Nígbà tó ku sáà kan kí a jáde, Ọ̀gbẹ́ni Gundlach, tó máa ń gba àwa ọmọ sáyẹ́ǹsì nímọ̀ràn lórí kọ́ọ̀sì, ránṣẹ́ pè é.

"Maren, gbogbo kọ́ọ̀sì ẹ ló pé," ó ní, "àfi ti iṣẹ́ ọnà."

"Iṣẹ́ ọnà bíi ti kí ni, sà? Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kà."

"Mo mọ̀. Òfin ilé ìwé ni. Ọmọ sáyẹ́ǹsì kankan ò lè jáde níbí láìṣe ọ̀kan. Wọ́n ní kí ẹ má kàn mọ nǹkan lásán, kí ẹ tún jẹ́ èèyàn."

"Kí wá ni mo jẹ́ báyìí?"

Ọ̀gbẹ́ni Gundlach wojú fèrèsé. "Àwòrán yíyà ti kún," ó ní. "Orin ti kún. Eré orí ìtàgé ló ṣẹ́kù."

Ó wọlé bá mi pẹ̀lú bàtà yìnyín lẹ́sẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. "Wọ́n ní kí n lọ máa ṣeré."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìhà mú. "Ìwọ kẹ̀! Ìwọ tí ìyá àgbà hun síwẹ́tà fún, tí o ní ó ń yún ọ lọ́rùn lójú gbogbo ẹbí!"

"Ó ń yún mi lóòótọ́."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Irọ́ pípa ni wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. O máa fìdí rẹmi ni."

Olùkọ́ wọn, Odile Paquette, jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í wọ bàtà nínú kíláàsì, tí kì í sì í fẹ́ kí wọ́n fi oyè pe òun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí gbogbo wọn máa rìn káàkiri bí omi.

Maren nawọ́. "Omi gbígbóná ni àbí èyí tó ti dì?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Odile ò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè gidi nìyẹn," ó ní. "Èwo ló wù ọ́?"

Maren mú èyí tó ti dì torí ìyẹn ló rọrùn jù. Ó dúró lójú kan, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń retí kí kíláàsì parí. Ọmọkùnrin kan ń yí gbiri nílẹ̀ ní tiẹ̀, ó ń pariwo bí odò tó kún. Odile ní kó lọ tún un rò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Maren, ó wò ó pẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa gan-an ni."

"Kí ló dáa níbẹ̀?" Maren ń bi mí nírọ̀lẹ́. "Mi ò ṣe nǹkan kan! Mo dúró ni. Ẹni yẹn yí gbiri títí aṣọ ẹ̀ fi ya, wọ́n ní kò dáa. Kí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Ọjọ́ tó bá fi gbogbo agbára gbìyànjú, wọ́n á ní kò dénú. Ọjọ́ tó bá gbàgbé pé eré ló yẹ kí òun máa ṣe, tó kàn ń wá bírò rẹ̀ nínú báàgì, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ó di pé kò lè sùn dáadáa mọ́. Nínú yàrá àyẹ̀wò wa, tí nǹkan bá dìbàjẹ́, èèyàn á mọ ibi tó ti dìbàjẹ́. Níbẹ̀ yẹn, kò mọ̀.

Ó lọ bá Odile lẹ́yìn kíláàsì. "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tí mo bá ti ṣe é dáadáa?"

"Àwa tá à ń wò ẹ́ la máa mọ̀," Odile dáhùn.

"Tí ẹ bá ṣì í mọ̀ ńkọ́?"

Odile fọwọ́ kàn án léjìká, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá bàtà rẹ̀ lọ. Maren sọ fún mi pé òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rín dáhùn ìbéèrè rí.

Fún ìdánwò ìparí, Odile ní kí oníkálukú mú ẹnì kan tó mọ̀ dáadáa, ní ọjọ́ tí ìgbé ayé ẹni náà yí padà, kó sì ṣe é láìsọ̀rọ̀. Ẹbí lè wá wò ó. Maren ní òun máa ṣe bàbá òun lọ́jọ́ tó ta àwọn màlúù.

Ó ti tó ọdún méjì tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Owó wàrà já wálẹ̀, kò gbérí mọ́, Orrin sì ta gbogbo agbo. Maren wà nílé lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún mi rí ju pé wọ́n ti kó wọn lọ.

Ó wá fi tẹ́ẹ̀pù sàmì sórí ilẹ̀ yàrá wa. "Ibí ni ilẹ̀kùn ilé màlúù," ó ní. "Ibí ni tírélà dúró sí. Bàbá mi gba ibí yìí wọlé padà."

"Kí ló ń rò nígbà yẹn?" mo bi í.

"Ṣé inú orí ẹ̀ ni mo wà ni? Ohun tí mo rí ni mo máa ṣe."

Lọ́jọ́ ìdánwò, Orrin wá. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, irun rẹ̀ ṣì tutù níbi tó ti fi kóòmù yà á. Mo ki í, mo jókòó tì í.

Maren jáde sórí ìtàgé, mo sì rí Orrin méjì: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀kan lókè. Maren tẹ èjìká ọ̀tún díẹ̀ bíi ti bàbá rẹ̀. Ó ń fọwọ́ gbá màlúù tí a ò rí ní ìdí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó ń lé wọn wọ ọkọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó dúró títí ọkọ̀ fi lọ. Ó wọlé padà, ó ń lọ láti àyè màlúù kan sí òmíràn, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀, ó ń fọwọ́ kan àpò rẹ̀, ó tún ń wo ilẹ̀. Níbi àyè tó gbẹ̀yìn, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó lọ pa iná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó padà wá tan iná náà, ó tún wo ilẹ̀, ó wá pa á.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan fa ikun símú lẹ́yìn wa. Odile ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Èmi náà, mi ò mọ ìgbà tí omi dà lójú mi. Orrin ki ọwọ́ méjèèjì sáàrin orúnkún, kò mira.

Lẹ́yìn náà, a kóra jọ sídìí kọfí àti kéèkì. Odile di Maren lọ́wọ́ mú. "Bí o ṣe ń wá ohun tó ti lọ, nínú ilé tó ti ṣófo yẹn," ó ní, "mi ò ní gbàgbé ẹ̀." Ó yíjú sí Orrin. "Bàbá Maren, ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn màlúù yẹn o."

"Ẹ ṣé," Orrin ní. Ó mu kọfí díẹ̀. "Ìbọ̀wọ́ ni."

"Kí lẹ wí?"

"Ìbọ̀wọ́ mi ni mò ń wá. Ẹyọ kan jábọ́ níbi tá a ti ń kó wọn. Awọ gidi ni."

Odile ní, "Iná yẹn ńkọ́? Ẹ pa á, ẹ tún padà wá tàn án."

"Mo rántí ibi kan tí mi ò tíì wò ni."

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó wo ojú àwọn yòókù, ó dá a dúró. Maren ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni pé èèyàn mìíràn ló gbé orúkọ Orrin wọlé.

A sìn ín dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Maren ní, "Dádì, ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ìbọ̀wọ́ ni?"

"Ìwọ lo wà níbẹ̀. Kí lo rí?"

"Mo rí yín, ẹ ń wo ilẹ̀."

"Ṣó o rí i," Orrin ní. Ó ṣáná sí ọkọ̀. "Ẹ rọra máa rìn o, ilẹ̀ ń yọ̀."

Bí a ṣe ń lọ sílé, Maren ní, "Torí ìbọ̀wọ́ ni gbogbo wọn ṣe sunkún."

"Èmi náà sunkún."

"Nítorí kí ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Báwo ni o ò ṣe mọ̀? Ṣebí ojú tìẹ ni!"

Máàkì tó ga jù lọ ni Odile fún un. Maren kò gbà á. Ó lọ bá a ní ọ́fíìsì pé kó dín in kù, torí pé ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fún òun ní máàkì kò ṣẹlẹ̀. Odile fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin, ó wá bi í pé, "Ìwọ fúnra ẹ, ṣó o gbà pé ìbọ̀wọ́ ni?" Maren gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ó padà wálé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kò jẹun alẹ́. Odile kò sì dín máàkì kù. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Gundlach gbọ́, ó ní láti ìgbà tóun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n já òun wálẹ̀.

A jáde. Maren rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe wàràkàṣì, òun ló ń yẹ wàrà wò kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Orrin wá fi ilé màlúù sílẹ̀ fún àwọn aládùúgbò tó máa ń gbé ọkọ̀ ojú omi wọn pamọ́ síbẹ̀ nígbà òtútù.

Ìgbà kan tí Maren lọ kí bàbá rẹ̀ lásìkò ọdún Ìdúpẹ́, nínú oṣù kọkànlá, ó rá pálá wọ abẹ́ àwọn ọkọ̀ yẹn tòun ti tọ́ọ̀ṣì. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. Mo ní, "Tó o bá rí ìbọ̀wọ́ ọ̀hún ńkọ́?"

"Mo rí i," ó ní. "Mẹ́ta ni mo rí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó bá èkejì mu."

Ó kó wọn lọ fún Orrin nínú ilé ìdáná. Orrin yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì. "Ọ̀kan nínú wọn ni," ó ní, ó sì ní kó wá bá òun bó ọ̀dùnkún.