Ilẹ̀kùn Òkèrèwè Tó Yadi

Wẹ́dà ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹbí wa ní àdúgbò Òkèrèwè lọ́jọ́ náà, ó ń fi téèpù wọn ilẹ̀kùn. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó di olórí ilé lẹ́yìn tí bàbá mi kú, dúró tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Tíṣà, o dé lásìkò," ni ó wí. "A fẹ́ yọ igi jíjẹrà yìí kúrò. Onírin la fẹ́ gbé síbẹ̀. Olè ti jà ní ilé kẹta sí tiwa."

Ẹ jẹ́ n dúró níbí ná, kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, lẹ́yìn ọdún 1990, tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú. Mayfair, àdúgbò mìíràn nínú ìlú wa, ni èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, ń gbé. Tí ilé-ìwé bá ti parí, ẹ̀yìnkùlé ni ẹ ó ti bá mi pẹ̀lú ayùn, òòlù àti ìfági, ìyẹn irin tí a fi ń fá ojú igi kó lè dán. Ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀gá káfíńtà kan lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó sì ń kọ́ mi. Tí mo bá ń kánjú, á ní, "Tíṣà, igi ò níbi tó ń lọ. Jókòó."

Gbogbo igi tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń kó o sí.

"Bàbá Bọ́lá, ṣé àwa la ni ilé yìí ni àbí igi?" ni ìyàwó mi máa ń bi mí.

"Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó wá a."

"Ọjọ́ wo?" Á sì máa gbálẹ̀ lọ.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ yọ yìí, ìrókò ni. Bàbá bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Mi ò bá a láyé, ṣùgbọ́n ojú irin rẹ̀ ṣì hàn lára igi náà. Tí mo bá fọwọ́ rá a, ó máa ń dà bíi pé mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn náà kò ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti òde òní. Igi méjì ló yọ jáde lára rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, a sì ń pè wọ́n ní àtàǹpàkò. Ti ìsàlẹ̀ wọ inú ihò kan nínú pákó tó wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti ń yí. Ikán ti jẹ pákó yìí lápá kan, ilẹ̀kùn ti wọ́, kò ṣeé tì mọ́.

"Bàbá, ẹ fún mi láyè di Sátidé," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ n tún un ṣe."

"Tó bá tì dáadáa, mo gbà. Tí kò bá tì, wẹ́dà ló kàn."

Mo ra pákó ìrókò tuntun ní ilé ìlagi, mo gbẹ́ ihò sí i. Mo fi sánpépà ha àtàǹpàkò náà títí tó fi dán bí èékánná, mo fi àdín pa á. Mo tún ṣe ọ̀pá ìdábùú sẹ́yìn rẹ̀ nítorí olè. Lọ́sàn-án Sátidé, Bàbá Kékeré fi ìka kan ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí, kò dún rárá.

"Iṣẹ́ rè é," ni ó wí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé òòlù mi síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi àti Bàbá Kékeré, ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Ó tẹ́ ẹní síbẹ̀, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Iwájú orí Bàbá Kékeré wú.

"Ìyá àgbà rẹ ló nà mí," ni Bàbá Kékeré wí.

"Kí ló dé tó ń yọ́ wọlé bí olè?" ni Ìyá Àgbà dáhùn.

"Ìyá, ilé mi ni mo wọ̀."

"Ta ló sọ fún mi?" Ó kọjú sí ibi tó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. "Àlàó, ìwọ lo pa ilẹ̀kùn mi lẹ́nu mọ́. Tí eléyìí bá dé, èjìká ló fi ń tì í, á kígbe lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọdé á jù ú, á ké léraléra. Ìyàwó rẹ̀ máa ń rọra ṣí i, á máa kùn títí. Bí mo ṣe ń mọ̀ pé gbogbo yín ti wọlé nìyẹn, kí n tó sùn. Láti Sátidé, mi ò tíì sùn."

Gbogbo wa là ń gbọ́ igbe ilẹ̀kùn yẹn, a kàn rò pé ogbó ló ń ṣe é ni.

"Onírin ń dún gbàgà," ni Bàbá Kékeré wí. "Ọ̀la ni màá pe wẹ́dà padà."

"Gbàgà kan náà ni fún gbogbo èèyàn," ni Ìyá Àgbà wí.

Mo sáré lọ sí Mayfair láti wá pákó àtijọ́, nítorí inú ihò rẹ̀ ni igbe náà ti ń jáde. Mo ti gbé pákó àtijọ́ náà sílé, ṣùgbọ́n kò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Bọ́lá, igi tí mo gbé dé láti Òkèrèwè dà?"

"Èyí tí ikán jẹ?"

"Òun ni. Má sọ pé o ti fi dáná."

"Mo fẹ́ fi dáná, àáké ò ràn án. Ó wà lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi. Òun nìkan ló wúlò nínú gbogbo ẹrù rẹ, òun náà lo tún fẹ́ gbé."

Àwa méjèèjì la jọ gbọ́n omi náà kúrò kí n tó lè yọ ọ́. Ikán ò dé ibi tí ihò wà. Mo gé ibẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mo sá a sóòrùn. Nígbà tí mo gbé e dé Òkèrèwè lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wẹ́dà ti jókòó síta, ó ń dúró. Mo gbẹ́ àyè sínú pákó tuntun, mo fi òòlù rọra gbá ègé àtijọ́ náà wọ̀ ọ́. Mo wá bu eérú, mo fi ń nu àdín kúrò lára àtàǹpàkò tí mo ti ha dán. Ká ní ọ̀gá mi rí mi, ì bá ní kí n gbàgbé gbogbo ohun tí òun kọ́ mi.

A gbé ilẹ̀kùn padà. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà wà nínú ilé lórí ẹní rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Ó ké díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún ké.

"Àlàó," ni ohùn kan wí láti inú. "O ò tíì fi ìwà yẹn sílẹ̀. Láti kékeré lo ti máa ń ṣí i dé ìdajì kó o tó yọjú."

Èmi fúnra mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wọlé.

Bàbá Kékeré náà fi èjìká tì í lẹ́yìn mi. "Ìwọ náà, máa bọ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Mi ò nà ọ́ mọ́." Bàbá Kékeré fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀, ó ní kí wẹ́dà lọ wọn ti ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni kó fi onírin sí. Kí wẹ́dà tó ká téèpù rẹ̀ tán, Ìyá Àgbà ti sùn lọ.

Láti ìgbà náà, mo ti kan bẹ́ẹ̀dì, mo ti kan àga. Síbẹ̀, tí àlejò bá ní kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi han òun, Òkèrèwè ni mo máa ń mú un lọ. Á fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, á ní ó ń ké, kí n bá òun wá epo sí i.

Màá ní, "Ẹ wọlé ná, ẹ jẹ́ ká gbọ́ yín."